Kí Màmá Má Baà Ṣubú

Ilé ìfọṣọ ńlá kan wà tó ń gba aṣọ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ọsibítù. Obìnrin kan ń lọ aṣọ níbẹ̀, Gúnrégé ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe torí pé ó ga, kì í sì í ṣe torí pé ó rẹwà. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ni kì í ní ìhunjọ kankan. Tó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, kọ́là rẹ̀ á dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀ lójijì.

Ohun mìíràn tí gbogbo wọn mọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀ ni pé sìsítà ló fẹ́ dà. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge ló ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn sìsítà ìjọ Àgùdà kan tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé gbọọrọ kan lẹ́yìn ìlú. Á bá wọn fọ ilẹ̀, á bá wọn gbàdúrà, á sì sùn síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá pe àwọn ọmọbìnrin jọ pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí bí ìgbésí ayé ibẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó sọ pé àwọn fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá àwọn tó ń lọ aṣọ, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ ń borí ariwo ẹ̀rọ, kì í jẹ́ kó gbádùn.

"Gúnrégé, ọkùnrin wo ló ṣẹ̀ ọ́ tó o fi fẹ́ lọ fi ara pamọ́ sábẹ́ ìborí?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, mà."

"Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ì bá ti dáa kí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣẹ̀ ọ́, kó o tó sá lọ."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì fa ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Sìsítà kan ló ń mójú tó àwọn tó fẹ́ wọlé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì máa ń wo èèyàn lójú láìsọ̀rọ̀ títí onítọ̀hún á fi sọ ohun tí kò ní lọ́kàn láti sọ. Òun ló kọ́ Gúnrégé pé kó máa jókòó jẹ́ẹ́ nírọ̀lẹ́, kó máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, àti ìdí tó fi ṣe é. "Ìdí yẹn ni kó o máa wá," ni Sìsítà máa ń sọ. "Ohun téèyàn ṣe kò ṣòroó mọ̀. Ìdí tó fi ṣe é ló máa ń sá pamọ́."

Nílé, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní iléèwé, kò sì ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé nísàlẹ̀ ilé alájà kan, fèrèsé kan kọjú sí títì, ìkejì kọjú sí kọ́ridọ̀ tí gbogbo ará ilé ń gbà kọjá. Ọsibítù ni ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Òun ni wọ́n máa ń pè kó wá gbé aláìsàn, kó wẹ̀ ẹ́, kó yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara rẹ̀ má baà bó. Ó mọ bí ara ṣe ń rọ, ó mọ bó ṣe ń padà bọ̀ sípò, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, títí oúnjẹ fi máa ń sú ọmọ náà.

Nígbà tí Gúnrégé kọ́kọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ di sìsítà, ìyá náà kò sunkún, kò sì jà.

"Ó dáa," ló sọ. "Máa lọ. Èmi á máa bá ògiri sọ̀rọ̀."

"Màmá, ẹ máa wá máa kí mi."

"Mo ti gbọ́. Èmi tí mo bí ọ, n ó máa gba àyè kí n tó rí ọ. Ó dáa náà."

Àwọn sìsítà gbà á. Wọ́n ní kó máa bọ̀ tí ọdún tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin yòókù. Ó ra aṣọ funfun, ó rán an, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré kó lọ ni ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ gbì nídìí sítóòfù. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá òsì kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, ó ní kò le púpọ̀, kí wọ́n ní sùúrù. Lóòótọ́, ẹnu padà, apá náà sì padà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò padà.

Sìsítà wá kí wọn. Ó mú Gúnrégé jáde sí kọ́ridọ̀.

"A kì í gba ẹni tí òbí rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tó máa tọ́jú rẹ̀," ló sọ. "Òfin ilé wa ni, mo sì gbà pé òfin tó dáa ni. Dúró tì wọ́n. Tí ìpè rẹ bá jẹ́ òótọ́, kò ní sá lọ."

Gúnrégé dúró. Ọdún yí, òmíràn yí. Àwọn ọmọbìnrin tí òun ì bá bá wọlé jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, ó lọ síbi Mísà wọn. Òun ló lọ ìborí wọn, àwọn sìsítà ló bẹ̀ ẹ́, torí wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn náà jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó tún lọ ìborí tiwọn. Ní gbogbo àsìkò yìí, tó bá ti kúnlẹ̀ nínú yàrá kejì láti gbàdúrà, ìyá rẹ̀ á fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù onírin.

"Sìsítà tèmi dà? Wá gbé mi sórí póò."

Tó bá gbé e tán, tó sì padà kúnlẹ̀, ṣíbí á tún lu kọ́ọ̀pù. Ìrọ̀rí ti yẹ̀. Omi ti tán. Iná yìí ń wọ òun lójú.

"Ọlọ́run kò ní bínú," ìyá rẹ̀ á sọ. "Ó mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ ní ọ."

Ohun kan wà tí kò sú ìyá náà láti máa béèrè. "Ọjọ́ orí wo ni wọ́n ní àwọn kì í gbà kọjá?" Gúnrégé á sọ fún un pé ọdún márùn-úndínlógójì ni. Ìyá náà á mi orí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀nà Ọlọ́run pọ̀." Nígbà tí ọjọ́ ìbí tó gbé Gúnrégé kọjá ọjọ́ orí náà dé, ìyá rẹ̀ ní kó ra kéèkì. Ó jẹ kéèkì náà lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ tipẹ́. Gúnrégé rò pé inú ìyá òun ń dùn sí òun ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń fún àwọn áyọ́ọ̀nù ní ooru bú gbàù lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n omi gbígbóná gba gbogbo ilẹ̀, ọ̀gá wọn sì lé wọn lọ sílé. Gúnrégé ra búrẹ́dì gbígbóná lọ́nà, torí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe wọ kọ́ridọ̀, ó gbọ́ bàtà tó ń dún nínú ilé. Ó kọ́kọ́ rò pé olè ni. Ó rọra sún mọ́ fèrèsé, ó sì yọjú níbi tí kọ́tìnì ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló ń rìn. Ó wọ bàtà tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣì ń jáde. Ó ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, á yí padà wíì, á tún rìn padà, ó ń gbé orúnkún sókè bí sójà, ó sì ń kà á bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń kà á fún àwọn tó ń kọ́ ìrìn. "Ení, èjì. Gbé e. Ení, èjì. Gbé e." Ó ṣe é títí ó fi làágùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó fi aṣọ nù ún, ó tì í bọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń kọ orin Mísà lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń padà gun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Gúnrégé kò pariwo. Ó padà sí títì, ó rìn títí ó fi kan ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọlé, ó jókòó. Kò rí àdúrà kankan gbà. Búrẹ́dì náà tutù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di àsìkò tó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, ó dìde, ó lọ sílé.

"Ẹ káalẹ́, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Ohùn ìyá rẹ̀ ń fà bíi ti aláìsàn. "Ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n gbádùn lónìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìpara rà á."

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀, ó ń fi ìpara rà á. Báwo ni òun kò ṣe mọ̀ látọjọ́ yìí? Ẹran ẹsẹ̀ náà le dáadáa lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun òkè ni.

"Màmá," ló sọ, "ẹsẹ̀ yìí ti ń tutù. Mi ò tọ́jú yín tó. Láti òní lọ, n ó máa tọ́jú yín dáadáa."

Ó ṣe bó ṣe wí. Ó pe káfíńtà, ó ní kó kan igi gíga yí bẹ́ẹ̀dì náà ká bíi ti ọmọ ọwọ́, kó sì fi ìkọ́ sí i níta, níbi tí ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ kò ní tó. Nígbà tí káfíńtà béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó ní, "Kí Màmá má baà ṣubú." Ó ní kó bá òun gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi òwú wé e, ó dì í mọ́ ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà má baà wọ́. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún un tipẹ́tipẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ọsibítù. Bàtà abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó o fún aránṣọ tó ń gbé lókè wọn.

"Ẹ bá mi lò ó," ló sọ fún un. "Màmá kò lè wọ̀ ọ́ mọ́." Ó sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ̀, aránṣọ sì sunkún.

Ó tún ra páḿpáàsì àgbàlagbà.

"Kí nìyẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Kí ẹ má baà máa dúró dè mí, mà."

"Póò wà níbí. Mo lè dúró títí wàá fi dé."

"Dókítà ní kò dáa kéèyàn máa dì í mọ́ra."

"Èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́!"

"Mo mọ̀, mà," ni Gúnrégé sọ, ó sì ń dè é mọ́ ọn nídìí. "Aláìsàn ni yín."

Ìrẹsì rírọ̀ tí kò ní iyọ̀ ló ń fún un, ó ń fi ṣíbí kékeré fún un, ó sì ń nu ẹnu rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò kán sílẹ̀. Ó ń jí i lójú oorun kó tó lọ síbi iṣẹ́ láti yí i padà, kí ara má baà bó. Nírọ̀lẹ́, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ka Róṣárì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì ní kí ìyá rẹ̀ máa dáhùn. Tó bá ń jáde láàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn láti ìta. Ó ní nítorí olè ni.

Àwọn ará ilé ń yìn ín. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé èso wá, wọ́n ń dúró yí bẹ́ẹ̀dì onígi náà ká, wọ́n ń wo ìyá náà láti òkè. "Màmá, ẹ bímọ," ni wọ́n ń sọ. "Irú ọmọ báyìí la ń tọrọ." Gúnrégé á jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa. Nígbà mìíràn á ṣí aṣọ lára ìyá rẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n lè rí i bí òun ṣe ń di páḿpáàsì.

Fadá ń gbé Ara Olúwa wá fún ìyá náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Gúnrégé á tú pákó sílẹ̀, á sọ igi kalẹ̀, á jáde sí kọ́ridọ̀ kí Fadá lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ń rìn síwá sẹ́yìn níbẹ̀. Ṣé ó máa sọ ọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí Fadá pè é wọlé, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sọ ọ́. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ yẹn láti ọdún mélòó kan wá. Fadá gan-an ti wàásù nípa ìyá tó ń jìyà láìráhùn.

"Ìjìyà yín kò ṣòfò, Màmá," ni Fadá sọ.

"Àmín," ni ìyá náà dáhùn láàárín eyín.

Inú Gúnrégé ń dùn. Bó bá ń lọ aṣọ, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gúnrégé," ni ọ̀gá wọn sọ, "o ti rí ọkọ, o kò fẹ́ sọ fún wa." Nírọ̀lẹ́, ó ṣì máa ń jókòó jẹ́ẹ́ bí Sìsítà ṣe kọ́ ọ. Á ka gbogbo ohun tó ṣe láti òwúrọ̀: ó wẹ ìyá rẹ̀, ó fún un lóúnjẹ, ó yí i padà, ó gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ àánú ni gbogbo rẹ̀. Tó bá ti dé ibi tó yẹ kó béèrè ìdí tó fi ṣe é, á sọ pé oorun ń kun òun, á sì dìde.

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tín-ínrín. Itan rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí Gúnrégé ń fi ìpara rà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú agbára. Ohùn rẹ̀ kò fà rárá.

"O mọ̀."

"Mọ kí ni, mà?"

"O mọ̀, ìwọ ọmọ yìí."

"Mo mọ̀ pé ara yín kò yá," ni Gúnrégé sọ. Ó ń wo ojú rẹ̀. "Àbí ara yín ti yá? Ẹ sọ fún mi kí n lọ pe Fadá. Kí n pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wò ó."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri. Gúnrégé di pákó náà padà, ó fà á le ju ti àná lọ.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí Sìsítà tẹ́ẹ́rẹ́ fi wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan. Gúnrégé ti tú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ti sọ igi kalẹ̀ nítorí àlejò. Aránṣọ òkè ló gbé àga wá fún Sìsítà, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, torí kò fẹ́ kí ohunkóhun fo òun ru.

"Mo mú ọ̀rọ̀ ayọ̀ wá," ni Sìsítà sọ. "Fadá ti sọ fún Ìyá Àgbà, olórí wa, bó o ṣe ń tọ́jú Màmá. Ìyá Àgbà ní ẹni tó lè ṣe irú èyí, ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. O lè máa bọ̀."

Omi lé sí Gúnrégé lójú. "Màmá ńkọ́?" ló béèrè.

"Màmá á bá wa lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo ní ilé àwọn arúgbó wa. Ẹni tí kò lè rìn, a máa ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ títí Ọlọ́run á fi pè é. Tó o bá parí ìmúrasílẹ̀ rẹ, ìwọ náà lè máa tọ́jú wọn."

Gúnrégé wo ìyá rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló rí gbogbo rẹ̀: yàrá gígùn náà, àwọn bẹ́ẹ̀dì onírin tó tò lọ, ìyá rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn títí ayé, àti òun pẹ̀lú ìborí funfun, tí òun ń bọ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Ó dùn mọ́ ọn dé ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Sìsítà," ló sọ. "Màmá á gbádùn ibẹ̀ gan-an."

Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ dìde.

Kò rọrùn fún un mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, ó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó dúró, ó gbọ̀n, ó di kọ́bọ́ọ̀dù mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé ìkejì.

"Jésù!" ni aránṣọ ké. "Iṣẹ́ ìyanu! Ẹ wá wò ó o! Màmá dìde!" Ẹsẹ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí dún lórí àtẹ̀gùn, kọ́ridọ̀ sì kún. Ẹnì kan ti ń kọrin.

"Ẹ pa ẹnu yín dé!" ìyá náà jágbe mọ́ wọn. "Iṣẹ́ ìyanu wo? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn."

Orin náà dákẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Sìsítà sọ.

"Mo ti dùbúlẹ̀ tó, Sìsítà. Mo purọ́. Kò tó ọdún kan tí ẹsẹ̀ mi fi padà, mi ò sì sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, mo purọ́, kí Ọlọ́run bi mí. Ṣùgbọ́n ẹ bi òun náà! Ẹ bi ẹni mímọ́ yín yìí. Ta ló di pákó mọ́ mi lẹ́sẹ̀? Ta ló tì mí mọ́lé? Ẹ bi í léèrè ìgbà tó ti mọ̀!"

"Orí wọn ló ti ń dà rú," ni aránṣọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Sìsítà. Àìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Bí Gúnrégé bá mi orí lásán, gbogbo wọn á gba aránṣọ gbọ́. Sìsítà yí ojú sí i, ó sì ń wò ó bó ṣe máa ń wo èèyàn, láìsọ̀rọ̀.

"Ṣé o mọ̀?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lóṣù mẹ́fà. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn." Ohùn rẹ̀ ga sókè. "Wọ́n gba gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi, Sìsítà! Mo ń lọ ìborí fún àwọn ọmọ tí mo dàgbà jù! Kí ni mo ṣe fún wọn tí wọn kò tọrọ? Wọ́n ní àwọn kò lè rìn, mo sì tọ́jú wọn bí ẹni tí kò lè rìn."

"Lọ́jọ́ tó o rí i yẹn," ni Sìsítà sọ, "kí ló dé tí o kò wá bá mi? Ìyá rẹ lè rìn. Kò sí ohun tó dá ọ dúró mọ́. N bá ti bẹ Ìyá Àgbà nítorí rẹ lọ́jọ́ náà gan-an. O wà lómìnira, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ tí Gúnrégé ti yọjú lójú fèrèsé yẹn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé òun lè lọ. Kò tilẹ̀ ronú kan ilé àwọn sìsítà. Ohun tó rò, títí búrẹ́dì fi tutù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ni bí òun yóò ṣe ṣe ìyá náà.

Sìsítà dìde. Kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tó rẹ̀ lójijì.

"Àwọn arúgbó wa pọ̀ níbẹ̀," ló sọ. "Ọ̀pọ̀ wọn kò ní àlejò. Àwọn mìíràn ń purọ́, àwọn mìíràn ń bú wa, wọ́n ń tutọ́ sí wa lára. Ọwọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú wọn ni wọ́n wà pátápátá, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Mi ò lè fi wọ́n sí ọ lọ́wọ́."

"Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́. Mo lè yí padà."

"Mo gbà pé o lè yí padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí wọn."

Ó kí ìyá náà, ó la àárín èrò kọ́ridọ̀ kọjá, ó lọ. Àwọn èèyàn náà tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò wo ẹnì kejì rẹ̀ lójú. Aránṣọ gbé àga rẹ̀.

Ìyá náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mo ní o mọ̀, àbí mi ò sọ ọ́?"

Gúnrégé lọ pa ilẹ̀kùn dé.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kò wá mọ́. Fadá wàásù nípa nǹkan mìíràn. Gúnrégé lọ bá àwọn sìsítà ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú tó wà nítòsí, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní kó sọ ibi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, àwọn máa béèrè nípa rẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn. Níbi iṣẹ́, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ọ̀gá wọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò bá a ṣeré mọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá pa wọ́n pọ̀, á sọ èyí tó kan aṣọ, á sì kọjá. Ẹni tó bá ní ìyá arúgbó nílé kì í jẹ́ kí Gúnrégé mọ̀ pé ara ìyá náà kò yá.

Ìyá rẹ̀ ni ara rẹ̀ yá. Ó gba ọ̀pá, ó ń rìn yí ilé ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń padà le díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí káfíńtà wá tú igi ara bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi ṣe pẹpẹ sí ilé ìdáná. Òun ló ń dáná báyìí, ó ń bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ó ń mú ẹran tó tóbi sí i. Kò bínú mọ́ rárá. Tí wọ́n bá ń jẹun, á máa wò ó, inú rẹ̀ á máa dùn.

"Jẹun dáadáa," á sọ. "Ṣé o rí i? Èmi àti ìwọ ló kù."

Gúnrégé á jẹ ẹ́.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ìpè náà kò dákẹ́. Ó ti rò pé yóò dákẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, kó lè sinmi, kó sọ pé òun ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kò dákẹ́. Láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á jí, á sì bá a láyà rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ ọmọge: ilé gbọọrọ yẹn, òórùn ọṣẹ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ohùn àwọn obìnrin tó ń kọrin pọ̀. Á kúnlẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Olúwa," kò sì ní rí ohun tí yóò fi tẹ̀ lé e.

"Tíì ti hó!" ni ìyá rẹ̀ pè láti ilé ìdáná. "Wá mu ún kó tó tutù."

"Mo ń bọ̀, mà," ló sọ, ó sì dìde.